Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Dé, Àríyànjiyàn Dé: Ìtọ́sọ́nà fún Olóòtú Ìròyìn Àdúgbò ní Lọ́ńdọ̀nù

Ohun tó ń tètè dá àdúgbò sí méjì ní Lọ́ńdọ̀nù kò pọ̀ tó kí káńsù kéde pé òun fẹ́ gé lára ojú títì fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìwé ìfẹ̀hónúhàn á ti máa kiri láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, àwọn kan á ti lẹ bébà mọ́ fèrèsé, àwọn kánsẹ́lọ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ra ẹnu. Àsìkò yìí ni ìwé ìròyìn àdúgbò, tí kò ní ju olóòtú kan àti akọ̀ròyìn méjì lọ, máa ń kó sí wàhálà. Ìhà kan á ní káńsù ló ń bọ́ yín, ìhà kejì á ní àwọn onímọ́tò ló rà yín. Irú olóòtú bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Kì í ṣe fífi òṣùwọ̀n pín ọ̀rọ̀ lọ́gbọọgba fún ẹni méjì ni òdodo ibí yìí: òfin kan náà ni kẹ́ ẹ fi yẹ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn wò, kẹ́ ẹ sì ti kọ òfin náà sílẹ̀ kí ìjà tó dé.

Ẹ kọ òfin yín kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀

Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń pinnu ohun tó máa jáde, ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá kàn án, bí lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, iye wákàtí tí ẹ máa fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láti fèsì, àti ibi tí ẹni tí inú ń bí á gbé ẹjọ́ rẹ̀ gbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo èèyàn rí i.

Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú tó máa fọwọ́ kan ìròyìn yìí kọ ohun tó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ṣé ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́? Ṣé òpópónà yẹn ló ń gbé mọ́tò sí? Ṣé òun, ọkọ tàbí aya rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀? Ṣé ó wà nínú ẹgbẹ́ bíi London Cycling Campaign, tàbí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò? Ṣé ó ní káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan nínú wọn ṣì lè kọ ìròyìn, torí ẹni tí òpópónà náà kò kàn rárá kì í sábà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ka iṣẹ́ rẹ̀ kó tó jáde, kẹ́ ẹ sì kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀: "Òpópónà yìí ni ẹni tó kọ ìròyìn náà ń gbé, ibẹ̀ ló sì ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí." Gbólóhùn yẹn máa ń pa ẹjọ́ tí àlàyé ojú ìwé mẹ́wàá kò lè pa.

Bí ẹ bá wà lábẹ́ IPSO tàbí Impress, àwọn àjọ tó ń ṣọ́ ìwé ìròyìn, òfin wọn ni ìpìlẹ̀ òfin tiyín. Òfin àwọn olóòtú tí IPSO ń lò fàyè gba ìwé ìròyìn láti ní èrò tirẹ̀, kódà láti jà fún ọ̀rọ̀ kan, bí ìyàtọ̀ bá ṣáà hàn kedere láàárín èrò, ìméfò àti òótọ́. Nítorí náà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé pé ẹ fara mọ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ kò fara mọ́ ọn. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé ìròyìn mẹ́rin tàbí márùn-ún jáde ná. Olóòtú tó bá sọ èrò rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ á rí i pé ìdajì àwọn tó yẹ kó máa bá a sọ̀rọ̀ kò ní gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí

Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí àwọn èèyàn ń pè ní ojúsàájú, àìmọ orúkọ nǹkan ló fà á. Oríṣiríṣi ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà funfun fà ní gígé-gígé, mọ́tò kò yẹ kó wọ̀ ọ́ láìnídìí, ṣùgbọ́n wíwọ̀ ọ́ kò lòdì sófin. Èyí tí ilà rẹ̀ lọ gbọnrangandan láìgé, mọ́tò kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ ní wákàtí tí àmì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bá kọ. Òmíràn ní ọ̀pá rọ́bà tó ń tẹ̀, òmíràn sì ní kọnkéré tó yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo títì ni kẹ̀kẹ́ ń gbà lọ tó sì ń gbà bọ̀, bíi ti Cycleway 9 ní Chiswick High Road. Ẹni tó bá kọ "wọ́n ti òpópónà pa" nígbà tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan péré ni wọ́n gbà lára mẹ́rin, irọ́ ló pa, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó.

Ẹ mú téèpù dání. Bí ará àdúgbò bá ní ọ̀nà náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí káńsù sì ní ó bá ìlànà mu, ẹ má kàn kọ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì bá tiyín lọ. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n. Ìwé ìlànà ìjọba tó ń jẹ́ LTN 1/20, tó jáde ní oṣù Keje 2020, sọ pé ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà lọ láìgbà bọ̀, tí iye kẹ̀kẹ́ tó ń gba ibẹ̀ kò tó 200 ní wákàtí tí èrò pọ̀ jù yẹ kó fẹ̀ tó mítà 2. Níbi tó bá há gan-an, kò gbọ́dọ̀ dín ní mítà 1.5. Èyí tí kẹ̀kẹ́ ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀, tí iye rẹ̀ kò tó 300, mítà 3 ni, mítà 2 níbi tó bá há. Bí kọnkéré tó wà létí rẹ̀ bá ga tó mìlímítà 61 sí 150, wọ́n á fi mìlímítà 200 kún un fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí kọnkéré bá wà, torí ẹsẹ̀ pẹ́dàlì kò lè sún mọ́ ọn. Ibi mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n ó kéré tán, kí ibi tó há jù wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tó jẹ́ gan-an: "níwájú ilé ìfowópamọ́, mítà 1.6." Nígbà tí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n, àríyànjiyàn ti parí lórí ìyẹn.

Ta ló ni títì náà? Àwọn ọ̀nà ńlá tó ní ilà pupa, TfL (Transport for London, àjọ ìrìnnà Lọ́ńdọ̀nù) ló ń bójú tó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n jẹ́ lára títì Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gbà wọ́n tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn káńsù. Ẹni tó ń bú kánsẹ́lọ̀ lórí ọ̀nà TfL ń lu ilẹ̀kùn ilé onílé, ó sì yẹ kí ìròyìn yín sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè pẹ̀lú pé àṣẹ wo ni wọ́n fi ṣe é. Bó bá jẹ́ àṣẹ ìdánwò, kò lè kọjá oṣù 18, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sì ni àwọn aráàlú ní láti kọ àtakò wọn ránṣẹ́. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọ̀pá rọ́bà sílẹ̀ ni àsìkò ìfèsì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì rò pé ó ti bọ́. Ẹ fi ọjọ́ tó máa parí sínú gbogbo ìròyìn tí ẹ bá kọ. Kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ bíi "títí láé" wọ àkọlé níbí: ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe sí Kensington High Street ní ìgbà ìwọ́wé 2020, inú oṣù Kejìlá ọdún yẹn náà ni káńsù ibẹ̀ hú u.

Ẹ má pín àdúgbò sí onímọ́tò àti oníkẹ̀kẹ́

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Olóòtú tó mọ òwe yẹn dunjú ló máa ń wá onímọ́tò kan àti oníkẹ̀kẹ́ kan, á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ àti èrò bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹnì kan náà sì lè gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, kó wọ bọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́, kó wa mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ ya òpópónà náà sórí bébà, ẹ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kẹ́ ẹ sì kọ gbogbo ẹni tí nǹkan máa yí padà fún. Onísọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, àti awakọ̀ tó ń já ọjà fún un. Ẹni tó ní Blue Badge, káàdì ìgbọ́kọ̀sí àwọn aláàbọ̀ ara, wà níbẹ̀: mítà mélòó ni àyè tuntun tí wọ́n fún un jìnnà sí ilé oògùn? Nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn wà níbẹ̀, àti àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́, àwọn ọmọléèwé, àti àwọn tó ń gbé ní àdúgbò ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò lè yà sí nígbà tí títì ńlá bá há.

Àwọn méjì kan wà tí ìròyìn máa ń fò dá. Ẹni àkọ́kọ́ ni afọ́jú tó ń wọ bọ́ọ̀sì. Níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá gba ẹ̀yìn ibùdókọ̀, èrò á ní láti sọdá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kó tó dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, kẹ̀kẹ́ kì í sì í pariwo. Ẹ bá a rìn lọ síbẹ̀, ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹnì kejì ni aláàbọ̀ ara tó ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà. Ẹgbẹ́ Wheels for Wellbeing ń sọ̀rọ̀ fún irú wọn. Tí ìròyìn bá kọ "àwọn aláàbọ̀ ara kò fẹ́ ẹ" bí ẹni pé ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àwọn wọ̀nyí ló pa rẹ́.

Ní Southwark, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 2020 ni káńsù ibẹ̀ ti apá kan Rye Lane ní Peckham pa mọ́ mọ́tò, tí bọ́ọ̀sì sì ń gba ibòmíràn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta iṣu, gààrí àti aṣọ níbẹ̀ sì jẹ́ ará Nàìjíríà. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ 240 tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn, ní Southwark nìkan. Bí káńsù bá wá ka mọ́tò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan, kò tíì rí òpópónà náà bó ṣe ń rí lọ́jọ́ Àìkú. Ìbéèrè gidi nìyẹn, ẹ bi wọ́n.

Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ ìyá oníṣu, ẹ má lọ nígbà tí ọkọ̀ ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, "Ẹ kú ọjà o, Mà, àwòrò ọjà á wọlé," kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá. (Ríra iṣu lọ́wọ́ wọn kò burú. Èyí tí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ẹ̀rín dá padà.) Bí ẹ bá béèrè pé "Kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà kẹ̀kẹ́?" ìbínú nìkan lẹ máa gbà sílẹ̀. Ẹ béèrè báyìí: "Mà, aago mélòó ni ọkọ̀ tó ń já iṣu fún yín máa ń dé? Ìṣẹ́jú mélòó ló ń lò? Bí wọ́n bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí, ibo ni wọ́n ní kó máa dúró sí?" Bí wọ́n bá ní aago méje àárọ̀, tí ìwé káńsù sì sọ pé aago mẹ́wàá ni àyè tuntun tí wọ́n á ti máa já ẹrù máa ṣí, ìròyìn yín ti délẹ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ wọn padà fún wọn kẹ́ ẹ tó kúrò, bó bá sì jẹ́ Yorùbá ni wọ́n sọ, tí ẹ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìròyìn.

Òǹkà: nǹkan mẹ́rin kó tó jáde

Kò sí iye kankan tó gbọ́dọ̀ jáde láìsí nǹkan mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ta ló kà á, ìgbà wo, ibo, àti lára mélòó. Ẹ fi òfin yìí de káńsù, ẹ fi de àwọn alátakò, ẹ fi de àwọn oníkẹ̀kẹ́.

Ìpè tí káńsù pe aráàlú láti sọ èrò wọn kì í ṣe ìbò. Ẹni tó bá wù ló ń dáhùn, ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kì í sì í sábà rí i. Ká ní káńsù kéde pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló fara mọ́ ọn. Èèyàn mélòó? Ẹgbàá, 2,000. Mélòó nínú wọn ló ń gbé ládùúgbò náà? 900. Nínú àwọn 900 yìí ńkọ́? Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni òǹkà méjèèjì, inú ìpínrọ̀ kan náà ni kí wọ́n sì wà, torí ìhà kọ̀ọ̀kan á fẹ́ kẹ́ ẹ gbé tirẹ̀ nìkan. Ẹ má sì ka àwọn tó ń gbé níbòmíràn sí aláìníláárí. Àwọn kan nínú wọn ń gba òpópónà yẹn lójoojúmọ́.

Ìwé ìfẹ̀hónúhàn tó ní orúkọ 3,000 náà gbọ́dọ̀ dáhùn irú ìbéèrè yìí. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n kọ sókè rẹ̀ gan-an. "Ẹ gba Rye Lane là" lè kó orúkọ ẹni tó fẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́ ẹ jọ.

Ọ̀rọ̀ ìkọlù lójú títì ló léwu jù. Bí wọ́n bá ti mẹ́rin lọ́dún kan dé mẹ́fà lọ́dún kejì, ẹnì kan á kọ pé ó ti fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kò parọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ méjì péré ni, ó sì lè jẹ́ èèṣì. Ẹ kọ "mẹ́rin" àti "mẹ́fà". Ẹ wo ọdún mẹ́ta ṣáájú ó kéré tán nínú àkọsílẹ̀ STATS19 tí ìjọba ń gbé jáde láti ọwọ́ ọlọ́pàá. Nínú rẹ̀ ni ẹ ti máa rí èyí tó jẹ́ ìpalára díẹ̀, èyí tó le, àti èyí tó pa èèyàn, ẹ má sì dà wọ́n pọ̀. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún ọlọ́pàá kò sí níbẹ̀. Ìlò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lórí àkókò ìrìn bọ́ọ̀sì náà máa ń tanni: ìṣẹ́jú 8 tó di 10, ìdá 25 ni lórí ìwé. Ẹ kọ ìṣẹ́jú.

Bí ẹ bá lágbára rẹ̀, ẹ fúnra yín kà á. Wákàtí mẹ́rin ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀: aago 8 sí 9 àárọ̀, 12 sí 1 ọ̀sán, 5 sí 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan, àti 11 sí 12 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni méjì ni kó kà á, kí ọ̀kan máa wo bọ́ọ̀sì àti mọ́tò, kí èkejì máa wo kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ ka èèyàn, ẹ má ka ọkọ̀ nìkan, torí bọ́ọ̀sì kan lè gbé ọgọ́ta èèyàn. Ẹ kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Òjò oṣù Kìíní àti oòrùn oṣù Kẹfà kò ṣeé fi wéra, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ wà nílé ìwé àti ọ̀sẹ̀ ìsinmi.

Àkọlé, ọ̀rọ̀ àti fọ́tò

"Káńsù Fẹ́ Pa Ọjà Wa" jẹ́ èrò. "Oníkẹ̀kẹ́ Borí" jẹ́ orin ìjà. Àkọlé ìròyìn rèé: "Káńsù fẹ́ gba àyè ìgbọ́kọ̀sí 14 fún ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ẹ ní títí di ọjọ́ 30 láti fèsì." Kò dùn tó àwọn méjì àkọ́kọ́ létí, a gbà.

Ojúsàájú tó ń yọ́ wọlé jù ni orúkọ tí ẹ ń pe èèyàn. Ẹ máa rí ìròyìn tó pe àwọn tó fẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní "ajàfẹ́tọ̀ọ́", tó sì pe àwọn tí kò fẹ́ ẹ ní "ará àdúgbò", nígbà tó jẹ́ pé òpópónà kan náà làwọn méjèèjì ń gbé. Ẹ máa rí òdìkejì rẹ̀ náà: "àwọn òbí" ní ìhà kan, "àwọn onímọ́tò" ní ìhà kejì. Bí ẹ bá pe ẹnì kan ní ará àdúgbò, ẹ pe ẹnì kejì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé ọ̀kan wà nínú ẹgbẹ́, ẹ wádìí bóyá èkejì náà wà.

Fún ìkọlù lójú títì, ẹ̀ka ìwádìí kan ní Yunifásítì Westminster gbé ìlànà jáde fún àwọn akọ̀ròyìn ní 2021. Lára rẹ̀ ni pé kí ẹ má sọ pé èèṣì ni kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ dípò ọkọ̀ nìkan. "Awakọ̀ kan kọlu oníkẹ̀kẹ́" ni, kì í ṣe "mọ́tò kọlu oníkẹ̀kẹ́". Ẹ lò ó bákan náà níbi tí oníkẹ̀kẹ́ bá ti kọlu ẹlẹ́sẹ̀.

Fọ́tò lè parọ́ láìsí ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́ńsì tó ń fa ohun tó jìnnà wá sítòsí á mú kí mọ́tò mẹ́jọ dà bí ọgbọ̀n. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ẹ yà ní aago méjì ọ̀sán á ṣófo, èyí tí ẹ yà ní aago mẹ́jọ àárọ̀ á kún. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sábẹ́ gbogbo fọ́tò, ẹ máa yà á láti ibì kan náà, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ ní ìgbà tó yà á. Bí kò bá lè sọ, ẹ má lò ó.

Lẹ́tà, ẹ̀sùn àti owó

Ìwọ̀n kan náà ni fún gbogbo lẹ́tà: ọ̀rọ̀ 300 kò burú fún òǹkàwé, 600 fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹ́. Ẹ tẹ orúkọ àti òpópónà, ẹ má tẹ nọ́ńbà ilé. Bí lẹ́tà ogójì tí gbólóhùn wọn jọra bá dé lọ́jọ́ kan, ẹ tẹ ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì sọ iye tó dé. Ẹni tó kọ èrò lẹ́tọ̀ọ́ sí èrò rẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí òǹkà tí kò jóòótọ́. Bí lẹ́tà bá sọ pé ọkọ̀ aláìsàn há síbì kan, ẹ béèrè ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà kó tó jáde.

Ohun tó máa gbé yín dé kóòtù ni gbólóhùn bíi "kánsẹ́lọ̀ yẹn ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀." Lábẹ́ òfin ìbanilórúkọjẹ́ ti 2013 ní England àti Wales, ẹni tó bá pẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ba òun lórúkọ jẹ́ gidigidi tàbí pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sì máa ń kúnjú ìwọ̀n yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní òótọ́ ni, ẹ̀yin lẹ máa fi ẹ̀rí hàn. "Mo rò pé" tí ẹ fi ṣíwájú ẹ̀sùn kò ní gbà yín. Bí ẹ̀rí kò bá sí, ẹ yọ gbólóhùn náà, ẹ sì sọ fún ẹni tó kọ ọ́ ìdí tí ẹ fi yọ ọ́.

Bí ẹ̀rí bá wà, ẹ kọ ẹ̀sùn náà ní kíkún ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn, ẹ má kọ "a fẹ́ gbọ́ tẹnu yín lórí ọ̀rọ̀ kan". Ẹ fún un ní wákàtí 24 ó kéré tán fún ohun kékeré, 72 fún ohun ńlá. Kíkọ pé "ó kọ̀ láti fèsì" nígbà tó jẹ́ pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lẹ fi ímeèlì ránṣẹ́, tí ìròyìn sì jáde ní aago méje, ìwà ìbàjẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ owó kò gba àlàyé púpọ̀. Ìpolówó tí káńsù, ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́, ẹgbẹ́ alátakò tàbí ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ bá san owó fún, ẹ kọ "ìpolówó" sí i lára gàdàgbà. Iye kan náà ni kí gbogbo wọn san. Ẹni tó bá ń san owó kò gbọ́dọ̀ rí ìròyìn kó tó jáde.

Bí ìbò káńsù bá bọ́ sí àárín àríyànjiyàn náà, bó ti máa ń rí nínú oṣù Karùn-ún lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo olùdíje lọ́jọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ 100 fún oníkálukú, kẹ́ ẹ sì tò wọ́n tẹ̀ lé lẹ́tà orúkọ wọn. Ẹni tí kò bá dáhùn, ẹ fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú àlàfo.

Ẹ máa ṣọ́ ara yín

Ẹ ní tábìlì kan tó ní òpó márùn-ún: ọjọ́, àkọlé, ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìròyìn, àwọn tó tẹ̀ lé e, àti iye ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ní. Ẹ wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ má wá ìdajì-ìdajì níbẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ rárá, àti ẹni tó jẹ́ pé òun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo. Lọ́pọ̀ ìgbà káńsù ni ẹni kejì yẹn, torí pé àwọn ló ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ tán ránṣẹ́ sí yín.

Bí àṣìṣe bá jáde, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ náà, lókè ìròyìn: ohun tí ẹ kọ, ohun tó tọ́, aago tí ẹ tún un ṣe. Ẹ má yọ́ kẹ́lẹ́ yí òǹkà padà, ẹnì kan ti ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹjọ́ sùn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ láàárín ọjọ́ méje pé ẹ ti rí i, kẹ́ ẹ sì dá a lóhùn tán láàárín ọjọ́ 21, kó tó di pé ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ yín.

Ọjọ́ ìpinnu àti lẹ́yìn rẹ̀

Ìwé ìpàdé káńsù gbọ́dọ̀ wà níta fún ọjọ́ márùn-ún gbáko ṣáájú ìpàdé. Ẹ ka àfikún ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka àkópọ̀ iwájú, ẹ̀yìn ni òǹkà bọ́ọ̀sì àti ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara máa ń sá pamọ́ sí. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè fún un lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2000. Wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ 20 láti dáhùn, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìpàdé kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Nígbà tí ìpinnu bá jáde, yálà wọ́n fi ọ̀nà náà sílẹ̀ tàbí wọ́n hú u, ẹ tẹ orúkọ àṣẹ náà, ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, bí kánsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe dìbò, àti ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òfin fún ẹni tó bá fẹ́ gbé àṣẹ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga máa pé. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ ka àwọn wákàtí mẹ́rin yẹn nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, mẹ́fà àti méjìlá, láti ibi kan náà, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù kan náà, kẹ́ ẹ sì padà lọ bi ìyá oníṣu ní aago tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dé báyìí.